Láti Odi Ìbíkúnlé dé Ìdí Àpótí Ìbò: Ìtàn Ẹkùn Aṣòfin tí Oníyanrìn Wà ní Ìbàdàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí a bá bi ọmọ Oníyanrìn ní Ìbàdàn léèrè pé níbo ni ilé rẹ̀ wà, yóò kọ́kọ́ dárúkọ agboolé rẹ̀, yóò dárúkọ mọgàjí agboolé náà tẹ̀ lé e, ó sì ṣeé ṣe kí ó fi abúlé tí àwọn baba rẹ̀ ti ń dáko kún un. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé ẹkùn aṣòfin wo ni ó ti ń dìbò, àfàìmọ̀ kí ó má yọ káàdì ìdìbò rẹ̀ wò kí ó tó fèsì. Ìdáhùn méjèèjì ló tọ̀nà, ṣùgbọ́n orísun wọn yàtọ̀. Inú ogun, ìbátan àti ìtẹ̀dó ni èkíní ti wá. Inú òfin àti àwòrán ilẹ̀ ni èkejì ti wá. Ìtàn ẹkùn yìí ni ìtàn bí méjèèjì ṣe pàdé, àti bí wọn kò ṣe tí ì mọ ara wọn tán títí di òní.

Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn Ìbàdàn ni Oníyanrìn wà, Oníréke sì ni olú ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ náà. Òun àti Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Ìbàdàn ni wọ́n so pọ̀ di ẹkùn kan ṣoṣo tí ó ń rán aṣòfin kan lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Láti mọ bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí á padà sí ìgbà tí Ìbàdàn kò tí ì ní ààlà kankan yàtọ̀ sí odi rẹ̀.

Ìlú tí a fi ènìyàn pààlà

Ìbàdàn tí ó wà lónìí kì í ṣe ìlú tí ọba kan ti inú ààfin pín fún àwọn ìjòyè. Ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ Òwu àti ọ̀pọ̀ ìlú Ẹ̀gbá, ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti àwọn Ẹ̀gbá kan dó síbẹ̀. Àwọn aṣáájú bí Okùnadé Mayé ti Ifẹ̀, Lábọ̀ṣindé, Olúyẹ̀dún àti Lákanlé ni wọ́n wà níwájú. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ará Ọ̀yọ́ borí, ìlú náà sì di ti àwọn ológun tí wọ́n ń gba oyè nítorí akin, tí kì í ṣe nítorí ìdílé ọba. Lábẹ́ Baṣọ̀run Olúyọ̀lé, tí ó kú ní 1847, ìlú náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Orúkọ oyè rẹ̀, Ìbà, ló wà lára Ọjàaba títí di òní.

Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn ni ọ̀nà tí wọ́n gbà pín ìlú náà. Ológun kọ̀ọ̀kan kọ́ ilé ńlá, àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ìbátan rẹ̀, ẹrú rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n sá di í sì kọ́ tiwọn yí i ká. Bẹ́ẹ̀ ni agboolé ṣe di àdúgbò. Ẹni tí ó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìjòyè kan lè máa jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ìjòyè mìíràn tí ilé rẹ̀ wà ní òdì kejì ìlú. Ẹni tí ènìyàn ń tẹ̀ lé ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ibi tí ó ń sùn. Bí ìjòyè bá sì kú, mọgàjí ni yóò di agboolé mú, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun àkàsọ̀ oyè láti ìsàlẹ̀.

Ààlà tí ojú rí ní ìgbà náà ni odi ìlú. Odi tí Balógun Ìbíkúnlé mọ ní 1858 ló gbajúmọ̀ jù, tí wọ́n sì ń pè ní Odi Ìbíkúnlé. Àwọn bodè rẹ̀ ńlá kọjú sí ọ̀nà Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú, Ìwó àti Ọ̀yọ́, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń gba owó bodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Ẹni tí ó wà nínú odi ni ará ìlú. Oko ni ó wà lẹ́yìn odi. Síbẹ̀, odi kò ya ènìyàn kúrò lára oko rẹ̀. Ẹni tí ó ní agboolé nínú odi ni ó ní abúlé lẹ́yìn odi, ibi méjèèjì sì jẹ́ ilé kan náà lójú rẹ̀.

Ní àkókò tí Ìbàdàn ń jọba lórí ọ̀pọ̀ ìlú Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ètò aṣojú kan ti wà. Ìlú kọ̀ọ̀kan tí ó wà lábẹ́ Ìbàdàn ní bàbá kékeré kan láàárín àwọn ìjòyè Ìbàdàn. Bàbá kékeré yìí ni yóò gbọ́ ẹjọ́ ìlú náà, òun ni yóò gbé ọ̀rọ̀ wọn dé iwájú ìgbìmọ̀, òun náà ni yóò sì rí i pé ìṣákọ́lẹ̀ wọn wọlé. Lọ́dọ̀ ìlú náà gan-an, ajẹ́lẹ̀ ni ó dúró fún Ìbàdàn. Nítorí náà, kì í ṣe Òyìnbó ni ó kọ́kọ́ mú èrò pé ẹnì kan lè sọ̀rọ̀ fún ìlú nínú ìgbìmọ̀ wá sí Ìbàdàn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìlú tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ fún kọ́ ni ó yan bàbá kékeré, kò sì lè yọ ọ́. Ìnira àwọn ajẹ́lẹ̀ wà lára ohun tí ó fa ogun Kírìjí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí Ààrẹ Látòósà sì kú sí ojú rẹ̀ ní 1885.

Lẹ́tà dípò orúkọ

Ní 1893 ni àwọn ìjòyè Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1897 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ ìlú sílẹ̀, ní 1901 sì ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Ọkọ̀ ojú irin yìí yí ojú ìlú padà. Ọjàaba àti àwọn òkè tí ó yí i ká ni àárín ìlú tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀-oòrùn, níhà Dùgbẹ̀, ni wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ ojú irin sí. Àwọn ilé iṣẹ́ Òyìnbó tẹ̀ lé e, ìṣòwò kòkó tẹ̀ lé ìyẹn, àwọn àlejò sì tẹ̀ dó. Orúkọ Èkótẹ̀dó sọ ìtàn ara rẹ̀. Òkè-Àdó di ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn Ìjẹ̀bú kọ́ ilé sí. Àwọn Òyìnbó kọ́ ilé tiwọn sí ìhà Jẹ́ríkò, lábẹ́ igi, jìnnà sí ariwo agboolé.

Lórí òkè Màpó, nítòsí Ọjàaba, ni ìjọba kọ́ gbọ̀ngàn ńlá kan sí. Robert Jones ni ó ya àwòrán rẹ̀, Gómìnà Graeme Thomson sì ṣí i ní 1929. Ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ti ń jókòó, ibẹ̀ ni àwọn olóṣèlú ti ń pe ìpàdé. Ní 1936, oyè Baálẹ̀ yí padà di Olúbàdàn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó orí àti ìdìbò wọlé, ó di dandan kí a pín ìlú lórí ìwé. Yorùbá ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tí wọ́n pín Ìbàdàn sí wọ́ọ̀dù kò wo ilé. Ibi tí oòrùn ti ń yọ àti ibi tí ó ń wọ̀ ni wọ́n wò. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n fi pe àwọn wọ́ọ̀dù: N, NW, SW, S, E àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di òní, bí ènìyàn bá wo ìwé àjọ elétò ìdìbò INEC, irú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ni yóò bá níbẹ̀. Orúkọ ológun kankan kò sí nínú wọn. Ẹni tí a bí sí agboolé tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún wá di ará wọ́ọ̀dù NW kan.

Àgbájé, Adélabú àti agbára ìbò

Láàárín 1949 sí 1951, ìjà ńlá kan jẹ jáde tí ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ aṣojú kò rọrùn ní Ìbàdàn. Olóyè Sàlámì Àgbájé ti Ayéyẹ́, àdúgbò kan ní ìhà Oníyanrìn, jẹ́ oníṣòwò pàtàkì tí ó ní owó lọ́wọ́. Ó ti gun àkàsọ̀ oyè dé Ọ̀tún Balógun, ó sì hàn gbangba pé ó lè di Olúbàdàn. Àwọn mọgàjí àti àwọn àgbẹ̀ inú ẹgbẹ́ Mayégún dìde sí i pé kí wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Ìjọba yan Butcher láti ṣe ìwádìí ní 1951. Ìwádìí náà kò fìdí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀sùn náà múlẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún yẹ ìṣàkóso gbogbo ìlú wò. Àgbájé kú ní 1953 láì jẹ Olúbàdàn.

Ìjà náà ju ọ̀rọ̀ ẹnì kan lọ. Àwọn àgbẹ̀ Mayégún ti ń bínú nítorí pé ìjọba ń gé igi kòkó tí àrùn bá mú lulẹ̀. Abúlé ni igi kòkó wà, ṣùgbọ́n inú ìlú ni wọ́n ti jà. Wọ́n fi hàn pé agboolé àti oko kò tí ì pínyà, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe aṣojú Ìbàdàn gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè méjèèjì.

Ẹni tí ó gbọ́ èdè náà jù ni Adégòkè Adélabú. Wọ́n bí i ní 1915 ní Òkè-Olúòkun, ó lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba ní Ìbàdàn, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ UAC. Ní 1951, ìjókòó mẹ́fà ni wọ́n yà fún Ìbàdàn ní Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ìdìbò onípele ni ti ọdún náà: àwọn tí wọ́n ń san owó orí yan àwọn kan, àwọn wọ̀nyẹn sì yan àwọn mìíràn títí tí ó fi kan aṣòfin. Ẹgbẹ́ àwọn ará Ìbàdàn tí A. M. A. Akínlóyè ṣáájú ni ó gba gbogbo ìjókòó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà fi tú ká. Àwọn márùn-ún yòókù yà sọ́dọ̀ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Adélabú nìkan ni ó dúró ti NCNC.

Láti ibẹ̀ ni ó ti yíjú sí agboolé. Ẹgbẹ́ Mábọ̀lájẹ́ tí ó dá sílẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sọ ohun tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí ọlá àwọn ìjòyè àti ti ìlú má bàjẹ́. Kò dúró de kí àwọn ènìyàn wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn mọgàjí àti àwọn àgbẹ̀ ni ó lọ. Ní 1954, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìgbìmọ̀ Ìbàdàn, ó di alága rẹ̀, ó sì wọ ilé aṣòfin àpapọ̀. Ní 1955 ó di mínísítà. Nígbà tí ìwádìí Nicholson lórí ìgbìmọ̀ Ìbàdàn bu ẹnu àtẹ́ lu ìṣàkóso rẹ̀, ó fi ipò náà sílẹ̀ ní 1956, ó sì di olórí àwọn alátakò ní Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjàm̀bá ọkọ̀ ni ó pa á ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, 1958, ìlú sì dàrú lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ń kọ́ lítíréṣọ̀ kò ní gbàgbé ẹ̀bùn rẹ̀ sí èdè. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, «peculiar mess», ni etí àwọn ará ìlú sọ di pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì. Ọ̀rọ̀ náà wọ inú Yorùbá, ó sì wọ orúkọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé kan tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1994. Ohun tí aṣòfin sọ nínú ìgbìmọ̀, tí ó sì dé agboolé tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbà á ṣe tiwọn, ẹ̀rí ni pé ọ̀nà ti wà láàárín ilé aṣòfin àti ilé mọgàjí.

Ìpín ọdún 1991

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1976, ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ń ṣàkóso ìgboro Ìbàdàn. Ní 1991, ìjọba ológun Ibrahim Babangida pín in sí márùn-ún: Àríwá, Àríwá-Ìlà-Oòrùn, Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn, Gúúsù-Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn. Ó yẹ fún àkíyèsí pé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ìgboro ni wọ́n ń jẹ́ Olúyọ̀lé àti Lágelú, orúkọ àwọn tí ìtàn so mọ́ ìtẹ̀dó ìlú. Ìgboro tí àwọn wọ̀nyẹn fi ṣe ilé ni ó ń jẹ́ orúkọ afẹ́fẹ́ mẹ́rin ayé.

Ìpín yìí ya àwọn aládùúgbò nípa. Màpó àti Ọjàaba bọ́ sí Gúúsù-Ìlà-Oòrùn; Oníyanrìn, Ayéyẹ́, Inalẹ̀ndé àti Ìdíkàn bọ́ sí Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àdúgbò àtijọ́ tí wọ́n jọ ń ná ọjà kan náà di ará ẹkùn aṣòfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ìdà kejì, Oníyanrìn di ará ẹkùn kan náà pẹ̀lú Jẹ́ríkò, Ẹlẹ́yẹlé, Dùgbẹ̀, Òkè-Àdó, Ring Road àti Mọ́lété.

Nítorí náà, ìwà ẹkùn náà kò ṣọ̀kan. Ní Oníyanrìn, ilé fara kan ilé, páànù orí ilé ti pọ́n, ọ̀nà sì tóóró débi pé ẹsẹ̀ àti ọ̀kadà ni ó ń gba ibẹ̀. Òkú àwọn baba ń sùn nínú agboolé, àwọn ọmọ sì ń ṣe ìpàdé ẹbí lórí wọn. Ní Jẹ́ríkò, ọgbà yí ilé ká, ẹni tí ó wà nínú ilé kan lè má mọ orúkọ aládùúgbò rẹ̀. Ní Dùgbẹ̀, Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní 1965 ṣì ń wo gbogbo ìlú láti òkè, ẹ̀rí ìgbà tí owó àgbẹ̀ ń kọ́ ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́ aṣòfin fún gbogbo wọn gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ fún àwọn kan, ọ̀rọ̀ owó ilé fún àwọn kan, ọ̀rọ̀ ọjà fún àwọn mìíràn. Adedeji Stanley Olajide ni wọ́n yàn ní 2019, tí wọ́n sì tún yàn ní 2023.

Ti ilé aṣòfin àgbà tún ní ìtàn tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ìgboro, Ìdó, àti mẹ́ta ti Ìbàràpá ni wọ́n pa pọ̀ di ẹkùn Gúúsù Ọ̀yọ́, tí Sharafadeen Alli wọlé fún ní 2023. Ṣùgbọ́n Akínyẹlé, Ẹ̀gbẹ́dá, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà, tí wọ́n jẹ́ oko àti abúlé Ìbàdàn, wà pẹ̀lú ìlú Ọ̀yọ́ nínú ẹkùn Àárín Gbùngbùn Ọ̀yọ́. Ẹni tí agboolé rẹ̀ wà ní Oníyanrìn, tí abúlé baba rẹ̀ sì wà ní Lágelú, ti di ọmọ sẹ́nétọ̀ méjì. Ohun tí odi Ìbíkúnlé kò yà, òfin ìdìbò ti yà á.

Orí mélòó fún ìjókòó kan?

Òfin ìpilẹ̀ ọdún 1999 ní kí iye ènìyàn inú àwọn ẹkùn súnmọ́ ara wọn bí ó bá ti ṣeé ṣe tó, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún àtúnyẹ̀wò ààlà láti ìgbà dé ìgbà, tí àlàfo wọn kò ní dín ní ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ìpín tí wọ́n ṣe ní 1996 ni orílẹ̀-èdè ṣì ń lò. Ètò ìkànìyàn tí ó kẹ́yìn ni ti 2006; èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023 ni wọ́n sún síwájú.

Ẹ jẹ́ kí iye ènìyàn ọdún 2006 sọ tẹnu rẹ̀. Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn Ìbàdàn ní ènìyàn 152,834, òun ni ó kéré jù nínú márààrún. Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn ní 282,585. Àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ 435,419 fún aṣòfin kan. Àríwá Ìbàdàn, tí ó dá ní aṣòfin tirẹ̀, ní 306,795. Ṣùgbọ́n Àríwá-Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn, ẹkùn tí Màpó àti Ọjàaba wà, ní 596,445, aṣòfin kan ṣoṣo náà sì ni wọ́n ní. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Àríwá. Bí a bá pín gbogbo ènìyàn Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ọdún náà sí ẹkùn mẹ́rìnlá tí ìpínlẹ̀ náà ní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400,000 fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ẹkùn Oníyanrìn kò jìnnà sí i. Àwọn ará Ọjàaba tí ó wà nítòsí ni ìbò wọn fúyẹ́.

Lẹ́yìn 2006, ọ̀pọ̀ ọmọ agboolé ti kó lọ kọ́ ilé sí Ológùnẹ̀rú ní Ìdó tàbí Àkóbọ̀ ní Lágelú. Àwọn kan ń padà wá dìbò ní agboolé. Àwọn kan ti gbé káàdì wọn lọ. Ìwé ìdìbò kò mọ èyí tí ó jẹ́ ilé nínú méjèèjì.

Odò pàápàá kò mọ ààlà. Ògùnpa gba inú ìjọba ìbílẹ̀ ju ẹyọ kan lọ kọjá. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, 1980, ó ya, ó gbé ilé, ó sì pa ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, 2011, omíyalé mìíràn tún ṣe ìlú náà lọ́ṣẹ́. Ìdọ̀tí tí wọ́n bá dà sí odò ní òkè, ìsàlẹ̀ ni yóò ti pa ènìyàn. Aṣòfin ìsàlẹ̀ kò lè dá wàhálà náà yanjú láì bá ti òkè sọ̀rọ̀, nítorí pé odò kan náà ni, ìlú kan náà sì ni.

Ìkádìí

I. B. Akínyẹlé, tí ó jẹ Olúbàdàn láti 1955 sí 1964, kọ ìwé ìtàn Ìbàdàn ní èdè Yorùbá láti 1911, nígbà tí kò tí ì sí ẹkùn aṣòfin kankan. Ó kọ́ni pé ìtàn ìlú wà ní ẹnu àwọn agboolé, bí a bá lè gbà á sílẹ̀ kí àwọn àgbà tó kọjá lọ. Iṣẹ́ kan náà wà fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lónìí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán wọ́ọ̀dù rẹ̀, kí ó kọ orúkọ agboolé kọ̀ọ̀kan sí ibi tí ó wà, kí ó bi mọgàjí léèrè ológun tí ó tẹ̀ ẹ́ dó àti abúlé tí ó jẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó fa ìlà ẹkùn aṣòfin lórí rẹ̀, kí ó sì wo ohun tí ìlà náà gé sí méjì.

Ààlà tí a fi ọwọ́ yà ni a lè fi ọwọ́ tún yà. Ìlú tí ó bá mọ bí wọ́n ṣe pín òun nìkan ni ó lè sọ bí ó ṣe yẹ kí wọ́n tún òun pín. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹkùn tí ó bá gbàgbé agboolé tí ó bí i, aṣòfin rẹ̀ yóò wulẹ̀ jẹ́ bàbá kékeré ni, tí ó ń sọ̀rọ̀ fún ìlú tí kò mọ̀ ọ́n.